Arò Tí Sitang Kọ Fún Ọkọ Rẹ̀ Lẹ́ẹ̀mejì

Ní Sabangan, abúlé wa tó wà létí òkun ní agbègbè Ilocos, ó tó ogún ọdún tí kò sí òkú kan tí wọ́n sin tí Visitacion Rabanal kò jókòó tì. Sitang la máa ń pè é. Ọgbà ọparun kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wa àti ilé wọn. A jọ dàgbà ni, a jọ ka ìwé díẹ̀ tí a kà, ọdún kan náà la sì wọlé ọkọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe, àfi ibi díẹ̀ tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi.

Arò ló máa ń kọ. Dung-aw là ń pè é lọ́dọ̀ wa. Tí ènìyàn bá kú, tí wọ́n ti tẹ́ ẹ sínú pósí, tí wọ́n ti dá iná igi síwájú ilé, iná tí kò gbọdọ̀ kú títí wọn yóò fi gbé òkú jáde, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í, kó fi aṣọ dúdú borí, kó máa bá a sọ̀rọ̀, ìdajì ẹkún, ìdajì orin. Kì í ṣe orin tí ẹnì kan kọ sílẹ̀. Ìgbé ayé òkú náà ni: ẹni tó bí i, oúnjẹ tó fẹ́ràn, ẹni tó bá jà, ẹni tó fi sílẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kọ arò lè bu ẹnu àtẹ́ lu òkú pàápàá, kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́kun. Ohun tí ẹni náà kò jẹ́ kí wọ́n sọ lójú ayé rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Sitang nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Àbúrò ìyá rẹ̀ ló yẹ kó kọ arò, àmọ́ ohùn ti há a lọ́fun. Sitang bá jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìrẹsì tó jóná láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣubú yẹn, òun ló jó o, òun ló sì parọ́ pé àbúrò òun ni. Àwọn ọkùnrin tó ń fi káàdì ta tẹ́tẹ́ lábẹ́ àtíbàbà dá ọwọ́ dúró. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá a. Kì í gba owó. Itan ewúrẹ́ kan àti àkàrà ìrẹsì tí wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń dì fún un. Kó tó jókòó ti òkú, á kọ́kọ́ lọ sídìí àwọn tó ń dáná, á bi wọ́n pé, "Kí ló máa ń sọ tí inú bá bí i?" Ìdáhùn yẹn ló máa ń mú wọ inú ilé. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gbọ́ arò rẹ̀ á fi rò pé òkú náà ti jí dìde, pé ó wà nínú yàrá.

Gaudencio ni ọkọ rẹ̀. Apẹja ni, ó ga, kì í pariwo, irun ojú rẹ̀ méjèèjì sì pàdé lókè imú bí okùn kan. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí ni. Ìyá náà, Ìyá Apolonia, opó ni wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ṣì wà ní ọ̀dọ́, ilé wọn sì ni Sitang wọ̀. Ọmọ kan ni tọkọtaya náà bí, Perlita. Ọmọ náà jẹ́ ọdún márùn-ún nígbà tí bàbá rẹ̀ àti ọkùnrin méjì mìíràn gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà àwọn erékùṣù Babuyan nínú oṣù kẹwàá, tí ìjì sì jà fún ọjọ́ mẹ́ta.

Pákó ọkọ̀ wọn ni òkun kọ́kọ́ gbé wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí òkú àwọn méjèèjì tó bá a lọ, ọ̀kan létí abúlé kejì, ọ̀kan lórí àpáta. A kò rí Gaudencio. A wá a fún ọ̀sẹ̀ méjì. Fádà ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká kàn máa gbàdúrà. Àwọn àgbà kò gbà. Wọ́n ní tí a kò bá sin nǹkan kan, ẹ̀mí rẹ̀ á máa rìn lórí omi, á sì máa pe àwọn tí wọ́n jọ ń pẹja. Ni wọ́n bá kan pósí, wọ́n kó ṣẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀ sínú rẹ̀, àti fìlà rẹ̀, àti ọ̀bẹ tó fi ń la ẹja.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Sitang fi kọ arò lórí pósí aṣọ yẹn. Mo ti gbọ́ arò rẹ̀ lórí òkú tó lé lọ́gbọ̀n, n kò gbọ́ irú èyí rí. Ó ń sọ fún ṣẹ́ẹ̀tì náà pé bọ́tìnnì kejì ti já, pé òun ní òun máa rán an lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, pé ta ló mọ̀ pé Àbámẹ́ta ò ní dé. Ìyá Apolonia dákú lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, ẹkún tí wọ́n sun nígbà náà, ẹkún tòótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé pósí jáde, wọ́n bẹ́ orí àkùkọ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti gbogbo fèrèsé kí òkú má bàa rí ọ̀nà padà wọlé. A gbàdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án. Sitang wọ dúdú.

Ọdún kan ni opó máa ń wọ dúdú lọ́dọ̀ wa, lẹ́yìn náà wọ́n á se oúnjẹ, wọ́n á bọ́ dúdú náà kúrò. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Crisanto, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ wa, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbẹ̀. Ó bá wọn tún òrùlé tí ìjì ṣí ṣe. Ó kọ́ Perlita ní ìwé kíkà. Kì í ṣe ọkùnrin tó lẹ́wà, àmọ́ ó máa ń jókòó síbi tí a bá fi í sí, ó sì máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ títí ẹni tó ń sọ ọ́ á fi sọ ọ́ tán. Nígbà tó ní kí Sitang fẹ́ òun, Sitang sá wá sí ilé mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi aṣọ dúdú yẹn bo ẹnu. Ó ní òun máa sọ fún ìyá ọkọ òun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Apolonia jáde sí gbangba, gbogbo ara wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ní àwọn lálàá. Wọ́n ní Gaudencio dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, omi ń kán lára rẹ̀, òtútù ń mú un, ó sì ní, "Màámi, ta ló fẹ́ sùn sí àyè mi?"

Kò sẹ́ni tó máa fojú di irú àlá bẹ́ẹ̀ ní Sabangan. Bó ṣe rí ni pé ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ara Perlita gbóná fún ọjọ́ mẹ́rin. Gbogbo wa la sọ pé bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ kàn án. Èmi náà sọ ọ́, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Sitang gbé ìrẹsì, ẹyin sísè, tábà àti ọtí ìrèké sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ó kúnlẹ̀, ó bẹ òkú. Lẹ́yìn náà ló sọ fún tíṣà pé kó má wá mọ́. Tíṣà dúró fún ọdún méjì, ó ń wò ó láti òkèèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ìlú mìíràn, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ ìyàwó.

Sitang kò bọ́ dúdú mọ́. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń gbé àwo oúnjẹ fún Gaudencio, Ìyá Apolonia á sì jókòó lórí àga wọn, wọ́n á máa wò ó. Báyìí ni ọdún mẹ́tàdínlógún ṣe lọ. Perlita lọ́kọ, ọkọ mú un lọ sí Hàwáì. Rọpárọsẹ̀ mú Ìyá Apolonia ní apá òsì, ẹnu wọn wọ́. Sitang ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ wọn, òun ló ń yí wọn padà lórí ẹní kí ara wọn má bàa jẹrà. Àwọn ìyá mìíràn máa ń fi í ṣàpẹẹrẹ fún ìyàwó ọmọ wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì ọdún, èmi àti Sitang ń sá ẹja síwájú ilé wọn, ọmọbìnrin kan bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Ó so aṣọ funfun mọ́rí bí ọmọ òkú ṣe máa ń ṣe lọ́dọ̀ wa, eruku ọ̀nà ti kún ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ ni mo ti rí irun ojú rẹ̀ tó pàdé lókè imú. Mo wo Sitang, àmọ́ ẹja ni Sitang ń wò.

Ọmọ náà kí wa, ó ní Amparo ni orúkọ òun, láti ẹ̀gbẹ́ odò Cagayan lòun ti ń bọ̀, òun ń wá Ìyá Apolonia Rabanal. Ó ní bàbá òun kú lọ́jọ́ Ẹtì, màmá òun sì ní wọn ò ní sin ín kí ìyá rẹ̀ tó gbọ́.

Sitang bi í pé ta ni bàbá rẹ̀.

"Gaudencio Rabanal," ni ọmọ náà wí.

Sitang rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ènìyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó ṣìnà. "Ọmọ mi, ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí ti kú láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Òkun ló gbé e."

"Rárá, mà. Ẹ̀dọ̀ ló pa á."

Ó tú àpò rẹ̀, ó yọ fọ́tò kan àti ìdì lẹ́tà kékeré kan. Nínú fọ́tò náà, Gaudencio dúró láàárín oko tábà, ó ti sanra díẹ̀, ó gbé ọmọ kan lé èjìká. Àwọn lẹ́tà náà, mo mọ ọwọ́ tó kọ wọ́n: bàbá tó máa ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, òun ló ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà, ó sì ti kú nígbà náà. Orúkọ Ìyá Apolonia ló wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn. Sitang ka ọ̀kan, ó ka èkejì. Nínú gbogbo wọn, kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni pé, "Obìnrin tó ń tọ́jú mi ń gbìyànjú."

Ọmọ náà wá wò ó pẹ̀lú ojú rere. "Ẹ̀yin ni obìnrin tó ń tọ́jú ìyá àgbà, àbí?"

"Èmi ni," ni Sitang dá a lóhùn.

Ìyá Apolonia wà lórí ẹní lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí Sitang wọlé, tí mo tẹ̀ lé e, wọn kò ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Omi ti ń bọ́ lójú wọn, ojú kan ṣoṣo tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Sitang kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ tó bá fẹ́ bọ́ wọn.

"Ìyá, ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Oṣù kejì lẹ́yìn tí a sin aṣọ."

"Ẹ wá ń wò mí nínú dúdú."

Ọ̀rọ̀ ń nira fún wọn, wọ́n ń sọ ọ́ ní ẹyọ ẹyọ. Wọ́n ní ọkọ̀ òyìnbó kan ló gbé e nínú omi, tó já a sílẹ̀ ní Aparri, lẹ́nu odò Cagayan, ibi tí ìyá ọmọ tó wá yìí wà. Wọ́n ní ó ti mọ obìnrin náà tẹ́lẹ̀. Ó ránṣẹ́ pé òun ò ní padà, pé tí ìyá òun bá sọ fún ẹnikẹ́ni, òun ò ní kọ̀wé mọ́ láéláé. "Ọmọ kan ni mo bí, Sitang. O fẹ́ kí n pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?"

"Àlá yẹn ńkọ́?"

Ìyá Apolonia kọjú sí ògiri. "Tó o bá fẹ́ tíṣà, ta ni ì bá máa gbé oúnjẹ fún mi?"

Mo rò pé Sitang máa kígbe. Kò kígbe. Ó wo oòrùn lójú fèrèsé, ó rí i pé ọ̀sán ti pọ́n, ó dìde, ó bu ìrẹsì ṣíṣàn sínú abọ́, ó sì bọ́ ìyá náà títí abọ́ fi gbẹ. Ó fi aṣọ nu ẹnu wọn. Nígbà tó jáde, ó ní, "Doring, bá mi lọ sí Cagayan." Mo fi ìyàwó ọmọ mi ti Ìyá Apolonia, a sì bá ọmọ náà wọ bọ́ọ̀sì.

Ọ̀nà náà ń lọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, òkun wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èébì ń gbé Amparo. Sitang ló di orí rẹ̀ mú lójú fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ náà kò dákẹ́ láti sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀: pé ó mọ àwọ̀n tún ṣe, àmọ́ kì í wọ ọkọ̀ ojú omi, pé ó máa ń dé fìlà sùn, pé ó kọ́ òun ní orin kan. Ó kọ díẹ̀ nínú orin náà. Mo mọ orin yẹn. Sitang ló kọ́ Gaudencio.

Ilé Herminia, ìyá Amparo, kò tóbi. Iná igi ń jó níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ, ènìyàn kún àtíbàbà. Obìnrin kúkúrú kan ni Herminia, ẹkún ti wú u lójú. Ó di ọwọ́ Sitang mú, ó mú wa wọ ilé ìdáná, ó bu kọfí fún wa. Ó ń dúpẹ́. Ó ní Ọlọ́run á san ẹ̀san fún Sitang nítorí bó ṣe ń tọ́jú ìyá ọkọ òun. Ó wá ní nígbà tí àìsàn ń ṣe Gaudencio, ó máa ń sọ pé obìnrin kan wà ní ìlú òun, tí òkú tó bá gbọ́ arò rẹ̀ á sùn dáadáa, àti pé ó wu òun kó kọ arò òun.

"Ṣé ẹ mọ obìnrin náà, Àǹtí?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ṣé ó ṣì wà láyé?"

"Èmi ni," ni Sitang wí.

Herminia kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìdáná náà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́. Ó ní nínú ẹbí òun, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kọ.

Nígbà tí Herminia jáde, mo fa Sitang ní apá. Mo ní kó pe obìnrin náà sí kọ̀rọ̀, kó sọ fún un, àwọn méjèèjì nìkan. Mo ní obìnrin yìí kò mọ nǹkan kan. Sitang wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó ní, "Kọ̀rọ̀ ni wọ́n fi mí sí láti ọdún mẹ́tàdínlógún, Doring." Kò bi ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń dáná ní ìbéèrè kankan. Ó mú aṣọ dúdú, ó wọlé.

Ó wo ojú Gaudencio láti inú gíláàsì pósí. Ojú náà ti rù, ó ti pọ́n bí epo àtijọ́. Ó bo orí, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè, ohùn tí mo mọ̀.

"Gaudencio, ọmọ Apolonia, ojú rẹ rèé.
Mo ti sin ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣé wọ́n sọ fún ọ?
Mo kó ṣẹ́ẹ̀tì rẹ sínú pósí, mo fi ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà ìyá mi lé e lórí.
Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń gbé oúnjẹ fún ọ lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Ajá ló ń jẹ ẹ́.
Ìwọ ń jẹun níhìn-ín, lórí tábìlì obìnrin yìí.
Ọmọ tí a jọ bí béèrè ibojì rẹ, mo mú un lọ síbi tí a sin aṣọ sí, mo ní kó kí bàbá rẹ̀.
Ọkùnrin rere kan bá mi sọ̀rọ̀, o jẹ́ kí wọ́n fi òkú rẹ lé e lọ.
Wọ́n ní kí n wá sunkún rẹ. Ẹkún wo? Mo ti sun ún tán, mo sun ún nígbà tí irun mi ṣì dúdú.
Dìde, sọ fún wọn ẹni tí èmi í ṣe."

Ó ṣí aṣọ kúrò lórí. Kò sí omi lójú rẹ̀. Herminia dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwo búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó rẹ̀ ni yín?" ló béèrè.

"Fádà ló so wá pọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Èmi náà, fádà ló so wá pọ̀." Ó gbé àwo náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ jókòó nínú ilé ìdáná mi. Ẹ mu kọfí mi. Mo kúnlẹ̀ fún yín, ẹ sì jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Ẹ dúró títí gbogbo àdúgbò fi pé kí ẹ tó sọ fún mi pé ọmọ àlè ni àwọn ọmọ mi."

Amparo, tó jókòó lẹ́sẹ̀ pósí, ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì. Òun ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ kò sì ga rárá. "Ẹ di orí mi mú nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀ bá ti sọ fún mi níbẹ̀."

Àwọn ẹ̀gbọ́n Herminia wá, wọ́n ní ká máa lọ. Wọn kò fọwọ́ kàn wá. Lọ́dọ̀ wa, a kì í sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà níbi òkú, nítorí náà bí a ṣe ń lọ tí gbogbo wọn kọ̀yìn sí wa, n kò mọ̀ bóyá àṣà ni tàbí ìkórìíra. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé fádà ìlú yẹn lọ́ra kó tó wá sí ibojì, pé àríyànjiyàn wà lórí orúkọ ìyàwó tí wọ́n máa kọ sínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, pé Herminia fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi àyè náà sílẹ̀ lófo.

Nínú bọ́ọ̀sì, Sitang ń wo ojú fèrèsé títí a fi rí òkun. Ó wá ní, "Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, ara á tù mí."

Mo bi í bóyá ó tù ú.

Ó ní, "Ojú ọmọ yẹn ni mò ń rí."

Ó padà sídìí Ìyá Apolonia. Oṣù mẹ́rìnlá sí i ló fi tọ́jú wọn, bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ náà ló ń ṣe é, kò dín kan. Ọ̀rọ̀ ni kò bá wọn sọ mọ́. Tí ìyá náà bá ní, "Sitang," á ní, "Ẹ máa wí." Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, á nu ojú wọn bó ṣe ń nu ẹnu wọn. Mo ti bi í rí pé kí ló dé tí kò fi wọ́n sílẹ̀. Ó ní níbo lòun fẹ́ lọ. Ní ọjọ́ kan nínú ọdún yẹn, a pàdé Tíṣà Crisanto nínú ọjà Laoag pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Sitang béèrè àlàáfíà wọn, wọ́n béèrè tirẹ̀, ó ra iyọ̀ tó wá rà. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan sọ fún wa pé ìdílé ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Amparo ti ní àwọn ò fẹ́ ọmọ tí kò lórúkọ. Sitang kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Ìyá Apolonia kú, gbogbo Sabangan ló wá, kì í ṣe nítorí òkú. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tí Sitang máa sọ. Ó dá iná síwájú ilé, ó wẹ òkú, ó wọ aṣọ tó dára jù lọ fún un, ó se oúnjẹ, ó borí, ó jókòó. Ilé náà dákẹ́ débi pé a ń gbọ́ bí igi ṣe ń jó níta. Kò sí ohùn kankan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó dìde, ó ní òun ń lọ wo ìkòkò. Láti ọjọ́ yẹn, kò kọ arò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u, wọ́n ní ìgbéraga ni. Àwọn kan ní Gaudencio ló gba ohùn náà lọ. Ó sọ fún mi pé ohùn wà, pé òun ò kàn lè gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó máa sọ mọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni nígbà tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó pè mí, ó ní, "Doring, kí wọ́n má kọ arò fún mi. Kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sin mí." Mo ṣèlérí fún un.

Àmọ́ ta ni mo jẹ́? Nígbà tó kú, Perlita fò wálé láti Hàwáì pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ, ó sì fi owó gba obìnrin kan láti ìlú mìíràn, èyí tó ń fi makirofóònù kọ arò. Mo sọ ohun tí ìyá rẹ̀ fẹ́ fún un. Ó ní àwọn ènìyàn á sọ pé òun ò mọyì ìyá òun. Mo dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nígbà tó ń sọ ìtàn ìyá rẹ̀ fún obìnrin náà, mo gbọ́ ohun tó sọ, mo sì gbọ́ ohun tó fi sílẹ̀. Nígbà tó rí mi, ojú tì í díẹ̀. "Àǹtí Doring, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ mi á gbọ́."

Obìnrin náà jókòó, ó kọ arò fún aya olóòótọ́ tí òkun gba ọkọ rẹ̀, tó kọ gbogbo ọkùnrin, tó tọ́jú ìyá ọkọ pẹ̀lú ìfẹ́, tí ọkọ rẹ̀ wá ń dúró dè é báyìí ní etí òkun tó wà lókè. Ohùn rẹ̀ dùn. Àwọn ènìyàn tó mọ òtítọ́ bíi tèmi sunkún. Èmi náà sunkún, mo sì dákẹ́ bí wọ́n ṣe dákẹ́.

Ní òwúrọ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, a kó gbogbo ẹbí lọ sí odò bí a ṣe máa ń ṣe, láti fi omi eérú koríko ìrẹsì àti ọtí ìrèké fọ irun wọn, kí ọ̀fọ̀ lè kúrò lára wọn. Àwọn ọmọ Perlita ń rẹ́rìn-ín pé omi tutù, wọ́n ń ya ara wọn ní fọ́tò. Mo da ọtí sí ìyá wọn lórí, mo ń fọwọ́ fọ̀ ọ́. Ó bi mí pé, "Àǹtí, ṣé mo ṣe òkú màámi dáadáa?"

Mo ní kó tẹrí ba díẹ̀ sí i, eérú ṣì wà ní ìpàkọ́ rẹ̀.